Nípa Àwòrán Yíyà àti Ọwọ́ Tí Ń Gbọ̀n

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ yàrá ìjẹun tí a máa ń jiyàn lé lórí. Ọ̀rọ̀ àwòrán ni, àgàgà àwòrán tí ó rí bàìbàì nítorí pé ọwọ́ ẹni tí ó yà á kò dúró. A bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù kà á dé òpin, nítorí pé ohun tí ó mú wa kọ ọ́ kò kéré lọ́kàn wa.

Ní ọdún tí ó kọjá, àwa mẹ́rin nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ yìí gbéra láti ìlú Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, láti lọ kí ìyá àgbà kan tí ó ti ṣe iṣẹ́ tíṣà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀nà náà kò jìn, nǹkan bí 50 kìlómítà ni. Ṣùgbọ́n a pẹ́ kí a tó rí ọkọ̀ wọ̀, oòrùn sì ti ń wọ̀ nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé Màmá. Ó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé síléètì kan lé itan, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fi kọ́ ìwé kíkọ ní kékeré, ó sì ń ròyìn fún wa bí a ti ń kọ́ ọmọ ní a, b, d ní àkókò tí ìwé kò tí ì kárí ọmọ. Ojú rẹ̀ ń dán bí ó ti ń sọ̀rọ̀. A wí fún un pé, “Ẹ jọ̀wọ́, Mà, a fẹ́ ya yín pẹ̀lú síléètì yìí.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ yà mí, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n ẹ yà mí dáadáa o. Ó pẹ́ tí wọ́n ti yà mí gbẹ̀yìn.”

A ya àwòrán méje. A kò wò wọ́n títí a fi wọ ọkọ̀ padà. Nígbà tí a wò wọ́n, méjèèje ni ó rí bàìbàì: ojú Màmá dà bí ojú ẹni tí a ń wò nísàlẹ̀ omi, etí síléètì náà sì di méjì-méjì. A wí fún ara wa pé kò burú, a ó tún padà lọ. A kò padà lọ. Kò pé oṣù mẹ́ta tí a fi gbọ́ pé Màmá ti sùn nínú Olúwa. Àwọn ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní ìyá àwọn sọ fún àwọn pé àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ya òun pẹ̀lú síléètì òun, wọ́n sì fẹ́ fi àwòrán náà sí iwájú ìwé ètò ìsìnkú. A kò rí nǹkan kan fún wọn. Àwòrán kékeré ti inú káàdì ìdánimọ̀ ni wọ́n lò, èyí tí kò jọ ìyá tí a bá sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà rárá.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a dá fóònù lẹ́bi. Ṣùgbọ́n fóònù méjì ni a lò ní ọjọ́ náà. Ọ̀kan jẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Èkejì ni èyí tí ẹni tí ó ni ín fi ń yangàn láàrin wa. Méjèèjì ni ó jọ kùnà. Láti ìgbà náà ni a ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí, ibi tí a sì fàbọ̀ sí nìyí: ẹ̀bi náà kò sí lára ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe nítorí pé ọwọ́ wa gbọ̀n, nítorí kò sí ọwọ́ alààyè tí kì í gbọ̀n. Ẹ̀bi wa ni pé a mọ̀ pé ọwọ́ a máa gbọ̀n, a kò sì wá ibi tí yóò fara tì.

Kí á tó wá oògùn, ó yẹ kí á mọ àrùn. Kì í ṣe ọwọ́ nìkan ni ó ń mú àwòrán rí bàìbàì. Bí ògiri ẹ̀yìn bá mọ́ kedere, tí ọmọ tí a ń yà nìkan sì dà bí òjìji, ọmọ náà ni ó mira. Bí ojú ènìyàn kò bá mọ́, ṣùgbọ́n tí ewé igi tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn ketekete, kámẹ́rà ni ó fi ojú sí ibi tí kò yẹ. Bí gbogbo àwòrán bá dà bí ẹni pé èéfín bò ó, ẹ wo dígí ojú kámẹ́rà, ó ṣeé ṣe kí epo ọwọ́ tàbí eruku wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ohun gbogbo, ènìyàn, ògiri àti àga, bá fà lọ sí ọ̀nà kan náà, tí etí ohun gbogbo sì di méjì, ẹ má ṣe wá ẹlẹ́bi lọ sí ibòmíràn. Ọwọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán méjèèje tí a ya Màmá rí.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Nínú kámẹ́rà, ìbáà ṣe ti àtijọ́ tàbí ti inú fóònù, àkókò díẹ̀ wà tí ẹ̀rọ náà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ní ọ̀sán gangan, ìmọ́lẹ̀ pọ̀, àkókò náà sì lè kéré tó 1/1000 ìṣẹ́jú-àáyá. Ọwọ́ kò lè rìn jìnnà láàrin ìgbà náà. Ní àṣálẹ́, tàbí nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kéré, ìmọ́lẹ̀ kò tó, ẹ̀rọ náà ní láti dúró pẹ́ kí ó tó gba èyí tí yóò tó o, bóyá 1/15 ìṣẹ́jú-àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú ènìyàn, ìṣẹ́jú ni èyí náà. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá gbọ̀n láàrin rẹ̀, gbígbọ̀n náà yóò kọ ara rẹ̀ sínú àwòrán, gẹ́gẹ́ bí ìwé ọmọ tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ń kọ lẹ́tà lọ́wọ́.

Àwọn tí ń lo kámẹ́rà onífíìmù ní òfin kan tí ó rọrùn láti rántí. Bí gígùn ojú kámẹ́rà bá jẹ́ 50 mílímítà, kí ẹni tí ó fi ọwọ́ lásán gbé e má ṣe jẹ́ kí àkókò náà pẹ́ ju 1/50 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Bí ó bá jẹ́ 200 mílímítà, kí ó má ṣe ju 1/200 lọ. Ẹ mú igi ìfọhín kan lọ́wọ́, kí ẹ sì tún mú ọ̀pá oparun gígùn kan. Ọwọ́ kan náà ni ó gbé méjèèjì, gbígbọ̀n rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n orí oparun yóò máa jó nígbà tí orí igi ìfọhín kò fi bẹ́ẹ̀ mì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nígbà tí a bá ń fa ohun tí ó jìnnà mọ́ra nínú fóònù: bí a ti ń fa ojú ènìyàn súnmọ́ wa ni a ń fa gbígbọ̀n ọwọ́ wa súnmọ́ wa pẹ̀lú.

Nígbà tí a wo ìtàn kámẹ́rà, a rí ohun kan tí ó yà wá lẹ́nu. Ní 1839, tí a kéde iṣẹ́ Louis Daguerre ní ìlú Paris, ẹni tí a ń yà ní láti jókòó láìmira fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, a máa ń fi irin gbé orí ènìyàn ró láti ẹ̀yìn kí ó má baà mì. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ wúwo, orí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ó ń gbé. Nígbà tí ó di 1900, ilé-iṣẹ́ Kodak mú Brownie jáde, àpótí kékeré tí wọ́n ń tà ní dọ́là kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó a gbé e mọ́ àyà tàbí ikùn rẹ̀, a sì wò ó láti òkè. Ara ènìyàn ni ó di ìdúró rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà tí a ń gbé sí ojú wọ́pọ̀, tí a ń fi ìsàlẹ̀ iwájú orí tì í. Ní tiwa, fóònù ni, ó sì fúyẹ́ débi pé a máa ń nà án síwájú, bí ẹni tí ń gbé àwo ọbẹ̀ gbígbóná fún àlejò, tí kò fẹ́ kí ó kan aṣọ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà ti ń fúyẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń jìnnà sí ara ẹni tí ó gbé e. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, nígbà tí a fi Ọba Abímbọ́lá Owóadé jẹ Aláàfin ní ìlú Ọ̀yọ́, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó na fóònù sókè lórí àwọn ènìyàn. Mélòó nínú àwọn àwòrán ọjọ́ náà ni ọmọ-ọmọ wa yóò lè wò kí ó sì mọ ojú tí ó wà nínú rẹ̀?

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlú Ọ̀yọ́ lókìkí fún igbá fínfín, ẹni tí ó bá sì ti dúró wo àwọn tí ń fín igbá yóò rí i pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í na igbá síwájú láfẹ́fẹ́ kí ó tó fi ọ̀bẹ kàn án. Ó jókòó, igbá wà lórí itan rẹ̀, ọwọ́ kan dì í mú, ọwọ́ tí ó mú ọ̀bẹ sì fara ti ara igbá náà. Oníkọlà ayé àtijọ́ pàápàá, kí ọmọ má baà ru àṣìṣe ọwọ́ rẹ̀ lójú títí ayé, a rí i dájú pé a di orí ọmọ mú ṣinṣin kí abẹ tó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ tí kì í gbọ̀n, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò sí. Ibi ìfaratì ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa nìyí. Èkíní, ẹ wá ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó wá àyè. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ bẹ àgbà kí ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní òwúrọ̀, tàbí kí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti máa bọ́ sí ojú rẹ̀, kì í ṣe sí ẹ̀yìn rẹ̀. Èkejì, ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí: ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú fóònù, kí ẹ sì fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ti ẹgbẹ́-ìhà yín. Kí ẹsẹ̀ yín yàgò fún ara wọn díẹ̀. Bí ògiri, òpó tàbí igi bá wà nítòsí, ẹ fi èjìká tì í. Bí ẹ bá jókòó, ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ lé orúnkún.

Ẹ̀kẹta, ẹ kíyè sí èémí. Ẹ mí sínú, ẹ jẹ́ kí ààbọ̀ rẹ̀ jáde, ẹ dá a dúró díẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan bọ́tìnnì wẹ́rẹ́, ẹ má ṣe gún un bí ẹni gún ata. Ètò kan wà nínú fóònù tí ń jẹ́ kí ó dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lẹ́yìn tí a bá ti tẹ bọ́tìnnì kí ó tó ya àwòrán. Ẹ lò ó, nítorí pé nígbà náà ìmìtìtì ìka yín yóò ti rọlẹ̀. Ẹ̀kẹrin, dípò kí ẹ dúró lókèèrè fa ojú ènìyàn mọ́ra, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn súnmọ́ ọn.

Ẹ̀karùn-ún, ní àṣálẹ́ tàbí nínú ilé tí ó ṣókùnkùn, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé apá rárá. Ẹ gbé fóònù ti ìwé tí a tò jọ, tàbí ẹ̀yìn àga, tàbí àpò ìrẹsì kékeré tí yóò fàyè gbà á. Òtítọ́ ni pé àwọn fóònù tuntun ní ohun tí ń dín gbígbọ̀n kù, wọ́n sì ní ètò fún yíya àwòrán lóru. Ṣùgbọ́n ètò òru náà ń pẹ́ ní gbígba ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ó nílò ìfaratì ju ti ọ̀sán lọ. Ẹ̀kẹfà, ẹ fi aṣọ mímọ́ nu dígí ojú kámẹ́rà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ya mẹ́ta tàbí mẹ́rin léraléra, kí ẹ sì wò wọ́n kí ẹ tó dìde. Ẹ fẹ àwòrán náà kí ó tóbi, kí ẹ wo ẹyinjú ẹni tí ẹ yà. Bí ẹyinjú kò bá mọ́, ẹ tún un yà níbẹ̀. Ká ní a ṣe èyí nìkan ní Ògbómọ̀ṣọ́, à bá ti rí àṣìṣe wa nígbà tí Màmá ṣì wà lórí àga.

Àwọn kan nínú yín wà tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí àìsàn tàbí nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a dá wọn. Kí wọn má ṣe rò pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tiwọn. Fóònù tí ó fara ti ìwé, tí ó sì ń dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kí ó tó yà, kò mọ ọwọ́ ta ni ó tẹ̀ ẹ́.

A mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wa yóò ní èsì. Àwọn kan yóò wí pé owó ni ìṣòro, pé bí a bá ra fóònù dáradára, ọ̀rọ̀ parí. A ó fi J. D. ’Okhai Ojeikere (1930–2014) dá wọn lóhùn. Kámẹ́rà Brownie ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950, ẹ̀rọ tí kò lówó lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo àwọn àwòrán irun dídì àwọn obìnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968 yóò rí i bí ìlà irun ti hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ra ẹ̀rọ tí ó sàn ju ti ìṣáájú lọ nígbà tí agbára rẹ̀ tó o. Ṣùgbọ́n a kò ra sùúrù mọ́ ọn.

Àwọn mìíràn yóò wí pé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ti wà nísinsìnyí tí ń sọ ojú bàìbàì di ojú mímọ́. Òtítọ́ ni. Àwa náà dán an wò lára àwòrán Màmá. Ó fún wa ní ojú obìnrin àgbà kan tí ó mọ́, tí ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú Màmá. Ohun tí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni pé, níbi tí kò ti rí nǹkan, ó ń fi ohun tí ó ti kọ́ lára ojú ẹlòmíràn dí àyè náà. Àbá ni, kì í ṣe ẹ̀rí. A kò lè mú un tọ àwọn ọmọ olóògbé lọ kí a sì wí fún wọn pé ìyá yín nìyí. A pa á rẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bi ara rẹ̀ pé kí ni ó tó bẹ́ẹ̀ nínú àwòrán, kí ó rántí ohun tí àwọn ènìyàn wa ti fi àwòrán ṣe. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí nípa àwọn ayàwòrán Yorùbá, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978, sọ ohun tí ó rí ní Ìlá Ọ̀ràngún: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán a ya èyí tí ó wà láàyè, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, kí àwọn méjì lè jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá kan ṣe ń rí ọmọ tí kò sí mọ́. Babatunde Lawal, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà wa, so ọ̀rọ̀ náà, àwòrán, mọ́ ohun tí a ń wò láti fi rántí. Bí a bá wò ó tí a kò sì lè rántí, kí ni ó kù nínú orúkọ rẹ̀?

Àwa tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ìlú tí ẹ̀kọ́ míṣọ́n ti pẹ́ nínú wọn: ní 1896 ni ìjọ CMS gbé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wá sí Ọ̀yọ́, èyí tí a mọ̀ sí St Andrew’s College, ní 1898 ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn tí àwọn olùkọ́ ìgbà náà kọ́, àti àwọn ọmọ tí àwọn wọ̀nyí tún kọ́, ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé orúkọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú àpótí tí ikán ti rí ọ̀nà sí. Ibikíbi tí a bá rán wa lọ kọ́ ọmọ, àwa ni a ó bá irú nǹkan wọ̀nyí pàdé, fóònù yóò sì wà lápò wa. Lẹ́tà kékeré inú ìwé àtijọ́ kò ní dárí ji ọwọ́ tí kò fara tì.

Nítorí náà, a fi ọ̀wọ̀ bẹ àwọn olùkọ́ wa kí wọ́n yọ̀ǹda wákàtí kan ṣoṣo fún wa kí a tó jáde lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní sáà tí ń bọ̀, kí a lè fi ohun tí a kọ síhìn-ín hàn ara wa pẹ̀lú fóònù tí a ní, láìra ohunkóhun. A sì bẹ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa kí olúkúlùkù yan àgbà kan tàbí ìwé àtijọ́ kan ní ibi tí a bá rán an lọ, kí ó tọrọ àyè, kí ó yà á dáadáa, kí ó kọ orúkọ, ibi àti ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì mú ẹ̀dà kan padà wá fún ilé-ìkàwé wa àti ẹ̀dà kan fún ẹni tí ó yà.

Àwa mẹ́rin ti ṣèlérí láàrin ara wa pé a ó bẹ̀rẹ̀. Síléètì náà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Màmá ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì ti gbà kí á wá yà á. A ó lọ ní òwúrọ̀, a ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí àga rẹ̀, a ó sì gbé fóònù lé orí ohun tí kò lè mì. Kì í ṣe Màmá, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kù fún wa láti yà dáadáa nìyẹn, bí ó ti ní kí á ṣe.